Ààlè Kú, Ẹ̀rù Ò Kú

Ọkọ̀ wà ní èbúté, àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀, omi tí ó tó tukọ̀ sì wà níwájú. Síbẹ̀, orí ẹní ni Ìbídùn tí ó ń rọbí ṣì wà lórí iyanrìn, kò sí ẹni tí ó gbé e wọ inú ọkọ̀. Gbogbo ojú ló wà lára nǹkan kékeré kan tí wọ́n so mọ́ imú ọkọ̀ náà. Irin dúdú ni, wọ́n ṣe é bí ìkarawun ìgbín, ojú pupa kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ sì wà láàárín rẹ̀. Ojú náà ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ sùn.

Àwọn èrò là fún Dúródọlá kí ó kọjá. Òun ni wọ́n ń pè ní Ìyá Apààlè ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣìn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa so irú ìkarawun bẹ́ẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ẹni tí ó ni ín kò bá fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn. Ìdí ọgbà ewúrẹ́ kan ni wọ́n ti lọ pè é wá. Àpò ààlè ṣì wà léjìká rẹ̀ tí ó ń dún kọlọkọlọ, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ń dún tiwọn lábẹ́ ìró. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé. Ó pẹ́ tí ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ibikíbi.

Kúmápàyí, ọkọ Ìbídùn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn. Àgbẹ̀ ni, ẹni jẹ́jẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́nu yẹ̀yẹ́ ní ìlú a máa wí pé bí Kúmápàyí bá fẹ́ ra abẹ́rẹ́, yóò kọ́kọ́ jókòó ro iye ìgbà tí aṣọ rẹ̀ yóò ya kí ó tó kú. Lónìí kò sí ẹni tí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣàlàyé fún Ìyá Apààlè pé ọmọ náà dábùú, pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àdúrà, ó di ti abẹ, pé ilé ìgbẹ̀bí tí wọ́n ti lè ṣe é wà ní òdìkejì odò. Afárá ti bá omi lọ láti ọjọ́ tí àwọn ará òkè ti ṣí odi tí wọ́n fi sé odò. Òjò kò rọ̀ láti èṣí, ilẹ̀ gbẹ bí èèpo igi, ṣùgbọ́n odò kún. Bí ayé ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ọkọ̀ yòókù ti bá àwọn tí ó ni wọ́n lọ. Èyí tí ó kù yìí, Alàgbà Òjéwọlé ló ni ín, Òjéwọlé sì ti lọ sin àna rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Ọwọ́ Òjéwọlé nìkan ni ó lè tú ààlè náà láìṣe pé ó bu ọwọ́ náà jẹ.

"Ẹ̀yin lẹ so ó, ìyá. Ẹ bá wa tú u."

"Ọwọ́ mi kì í tú u. Ó máa ń so ó ni."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ kì í wo ohun tí ó ń dì mú.

Abọ́sẹ̀dé, obìnrin tí ó ń yan ẹja létí odò, tí ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, kọjú sí Kúmápàyí. Ó bi í bóyá ọwọ́ tirẹ̀ rọ ni. Ṣé kì í ṣe òun ló ni ìyàwó?

Kúmápàyí dìde, iyanrìn lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mo ti rò ó, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá fọwọ́ kan nǹkan yìí báyìí, kí n tó jókòó sínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí ti gbọ́. Yóò kọ̀ mí. Yóò kọ gbogbo agboolé mi. Yóò kọ Ìbídùn, yóò kọ ọmọ tí a kò tíì bí. Ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn tí mò ń sáré lọ bá?"

"Ìrònú rẹ tọ̀nà," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Ìrònú tí ó tọ̀nà yẹn náà ni yóò pa obìnrin yìí."

Ìbídùn di gbòǹgbò igi kan mú, ó ń mí bí ẹni tí ó ru ẹrù gòkè.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin náà rí. Nígbà tí àwọn adájọ́ ṣì wà, ẹni tí ó jalè a máa ro ó pé bóyá wọn kò ní rí òun. Bí wọ́n bá rí òun, bóyá wọn kò ní mú òun. Bí wọ́n bá mú òun, bóyá ẹni tí òun mọ̀ yóò gba òun sílẹ̀. Bóyá mẹ́ta yìí ni àwọn olè fi ń jẹun. Ààlè tuntun gba bóyá lọ́wọ́ wọn. Kò gbọ́ ẹjọ́, kò gba rìbá, kò ní ìbátan. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, yóò ta ọwọ́ náà bí àkeekèé, gbogbo ilẹ̀kùn tí ó wà ní agbègbè, àti ẹ̀rọ omi, àti ọkọ̀ akérò, kò ní mọ àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà mọ́, àti ti gbogbo ẹni tí ó ń bá a jẹun. Títí di ọdún méje. Ta ni yóò fi ọdún méje ra iṣu kan? Ìlú dákẹ́. Olówó ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Àwọn èwe ìwòyí kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ti í kígbe olè.

Ohun kan ni Dúródọlá mọ̀ tí àwọn èrò etí odò kò mọ̀. Ààlè ti kú.

Nígbà ọyẹ́ ló kú. Ẹ̀rọ ńlá tí ó wà lórí òkè, tí wọ́n ń pè ní Ìyá, èyí tí ó ń gba ìròyìn lẹ́nu àwọn ìkarawun tí ó sì ń sọ ọ́ fún àwọn ilẹ̀kùn, ó gbiná ní ọjọ́ kan, ó jó kanlẹ̀. Ojú pupa kò kú pẹ̀lú rẹ̀ nítorí oòrùn ni ó ń bọ́ ọ. Ládépò, akọ̀wé ìlú, ló pe Dúródọlá sí kọ̀rọ̀ tí ó sọ fún un. Kò sí ẹni tí ó lè tún Ìyá ṣe. Àwọn tí ó ṣe é ti kú, àwọn ọmọ wọn kò sì kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ní kí ó máa so ààlè lọ bí ó ti ń so ó. Ó ní ẹ̀rù ni àwọn ń so mọ́ nǹkan tẹ́lẹ̀, kì í ṣe irin. Dúródọlá kò gbà á gbọ́. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó fọwọ́ kan ààlè aládùúgbò, kò ta á. Ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó na àtẹ́lẹwọ́, omi dà. Ó dúró síbẹ̀ títí omi fi kún korobá tí ó sì ń dà sílẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá kí òun yọ̀ ni tàbí kí òun sunkún.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń ru àpò òkú kiri, tí ó ń so òkú mọ́ nǹkan, tí gbogbo ènìyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún òkú.

Ládépò náà ti dé sí etí odò báyìí, agbòòrùn wà lórí rẹ̀. Ó fa Dúródọlá sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń kí i. Èèyàn burúkú kọ́ ni akọ̀wé. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó jọ pé òun náà kò sùn. Ó rán an létí àká ìlú, níbi tí iṣu tí gbogbo ilé kó jọ wà, èyí tí wọn yóò gé èbù rẹ̀ gbìn ní ọjọ́ tí òjò bá dé. Kò sí iṣu mìíràn ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣìn. Ilẹ̀kùn àká náà kò ní kọ́kọ́rọ́, ojú pupa kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ọ. Ó ní kí ó wo àwọn èrò yìí dáadáa, kí ó wo ẹ̀kẹ́ ẹni tí ó bá wù ú, kí ó sọ fún òun èyí tí ó jẹun lówùúrọ̀ nínú wọn.

"Ká ní ẹ fọwọ́ kàn án, kò ṣe yín ní nǹkan kan, gbogbo wọn rí i. Kí oòrùn tó wọ̀, àká ti ṣófo. Kí ni a ó gbìn?"

"Obìnrin yìí ńkọ́, Akọ̀wé?"

Ládépò wo omi. "Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀."

Dúródọlá rántí baba rẹ̀ àgbà. Ní ayé ìgbà náà, ṣúkù àgbàdo àti àkísà pupa ni ààlè. Baba a ṣẹ́gi tán, a tò ó sẹ́bàá ọ̀nà, a so ṣúkù mọ́ ọn, a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Igi náà a wà níbẹ̀ títí eruku yóò fi bò ó. Òun tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà bi í léèrè bóyá lóòótọ́ ni ṣúkù lè pa olè. Baba ń fẹyín họ obì, kò kánjú. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó fọwọ́ kàn án." Kò sí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀. Tàbí bóyá kì í ṣe nítorí ṣúkù. Bóyá nítorí pé wọ́n mọ baba ni, tí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún, pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò fi igi náà dáná. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ mọ́. Ohun tí ó rántí dájú ni òórùn igi náà lẹ́yìn òjò.

Ìbídùn ké lẹ́ẹ̀kan, igbe náà sì kúrú ju bí ó ti yẹ lọ.

Abọ́sẹ̀dé ló wá sọ ohun tí gbogbo wọn ti ń rò láti ìgbà tí àpò ààlè ti yọ lókèèrè. Ó kúnlẹ̀ kí ó tó sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà wúwo. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Nínú gbogbo àwa tí a dúró síbí, kò sí ẹni tí kò ní agboolé. Bí ilẹ̀kùn bá kọ ẹ̀yin, ẹ̀yin nìkan ni yóò kọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Dúródọlá, ẹ̀rín tí ó gbẹ. "O ti rò ó jìnnà."

"Gbogbo wa la rò ó, ìyá. Ẹnu èmi ló gùn jù."

Kò bínú. Ẹni tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tí ó dàgbà sí ìlú kan, ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò fi òfò rẹ̀ ṣe èrè. Ohun tí ó ń rò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń rò. Wọ́n rò pé ó ń wọn ìyà wò. Ìyà kò sí. Ohun tí ó ń wọ̀n ni bí òun yóò ṣe jẹ ìyà tí kò sí, kí ó lè wà. Bí ó bá fọwọ́ kan ààlè, tí ó sì padà sílé lọ jókòó, ìlú ti mọ̀ nìyẹn. Bí ó bá fọwọ́ kàn án tí ó sì jáde lọ bí ẹni tí ilẹ̀kùn kọ̀, Ìbídùn yóò kọjá, àká yóò sì dúró. Kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ fún ọdún méje, nítorí ilẹ̀kùn náà yóò ṣí.

Ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ sí imú ọkọ̀, ó sì gbá ìkarawun náà mú.

Àwọn èrò mí kanlẹ̀. Irin náà tutù, kò ṣe é ní nǹkan kan. Dúródọlá ti rí ẹni tí ààlè bù jẹ rí, ó sì mọ bí apá wọn ṣe ń fò. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí àkeekèé ta, ó dì í mọ́ ikùn, ó tẹ̀ ba. Ó ṣe é dáadáa ju bí ó ti rò lọ. Nígbà tí ó wólẹ̀ sórí orúnkún, kò mọ̀ mọ́ bóyá eré ni. Ó tú okùn ìkarawun náà kúrò lára ọkọ̀, ó já gèlè rẹ̀, ó fi wé ìkarawun náà kí ọwọ́ mìíràn má bàa kàn án, ó sì gbé e sínú ọkọ̀, nítorí ààlè kì í jìnnà sí ohun tí ó ń ṣọ́.

"Ẹ gbé e," ni ó wí.

Wọ́n gbé Ìbídùn wọkọ̀. Kúmápàyí gba àjẹ̀. Kò dúpẹ́, kò sí àyè. Omi gbé wọn lọ ní ìdábùú, ọkọ̀ náà sì ń kéré sí i.

Ó wá ku nǹkan kan. Àṣà ni pé bí ààlè bá ti bu ènìyàn jẹ, wọn yóò sìn ín lọ síbi ilẹ̀kùn tí ó bá súnmọ́ jù, kí gbogbo ènìyàn lè rí i bí ilẹ̀kùn ṣe kọ̀ ọ́. Àwọn kan ti yíjú sí ilẹ̀kùn ìsọ̀ Abọ́sẹ̀dé. Wọn kò ní ìkà nínú; ohun tí wọ́n ti ń ṣe ni. Dúródọlá wo Ládépò, Ládépò sì gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ wí. Ó gbé ohùn sókè pé ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílùú, a kì í mú un lọ síwájú ilẹ̀kùn, kí wọ́n má dójú ti àgbà. Wọ́n ní òótọ́ ni. Obìnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó la ìlú kọjá. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò ya ibẹ̀. Ó kọjá níwájú ilé rẹ̀. Aṣọ tí ó sá sórí okùn wà nínú ọgbà, ìró aláwọ̀ ewé tí ó fẹ́ràn jù wà láàárín wọn. Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ìdí igi ọ̀dán kan lẹ́yìn ìlú ni àwọn tí ilẹ̀kùn kọ̀ ń gbé. Kò sí ẹni níbẹ̀ mọ́ báyìí, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dán ààlè wò. Ìdajì òrùlé kan ló kù. Abọ́sẹ̀dé ń gbé omi wá fún un lójoojúmọ́, a gbé e sílẹ̀ lókèèrè, a sì sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, pé àwọn ará ìlú ń kí i, pé kò sí ẹni tí ó ń na ọwọ́ kọjá àyè rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti rí ohun tí ojú Ìyá Apààlè rí. Ẹ̀rù tí ó ti ń tutù ti tún gbóná. Dúródọlá a gbọ́, a mi orí, a sùn. Òun nìkan ni àgbàlagbà tí ó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, kò sì dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kúmápàyí wá. Ó gbé àwo kan tí ó fi ewé bò dání, kò sì dúró lókèèrè bí Abọ́sẹ̀dé. Ó wá títí dé iwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní obìnrin ni ọmọ náà. Ó ní ìyá rẹ̀ ti ń rìn. Dúródọlá wúre fún wọn, ó sì béèrè bí ìrìnàjò orí omi ṣe rí.

Kúmápàyí ń fi ìka họ ilẹ̀. "Nígbà tí a dé àárín odò, ìrora dé sí i, kò sí ohun tí ó lè dì mú. Ó nawọ́, ó gbá gèlè yín mú, gèlè tú, ó gbá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mú. Ọwọ́ lásán. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi dé èbúté."

Dúródọlá fa ìró bo orúnkún.

"Mo ní ó ti parí. Mo kàn gbé e lọ ni, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ilẹ̀kùn wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí." Ó gbójú sókè. "Ìyá, ó ti kú láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ọyẹ́."

"Ẹ mọ̀, ẹ ṣì jókòó síbí."

"Mo jókòó síbí."

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ fẹ́ kọjá. Kúmápàyí ṣí ewé kúrò lórí àwo, ó sì tì í síwájú rẹ̀. Iṣu ni. Iṣu sísè, funfun, ooru ṣì ń yọ lára rẹ̀, epo pupa díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pẹ́ tí Dúródọlá ti rí iṣu lórí àwo. Ó wo iṣu, ó wo ojú ẹni tí ó gbé e wá. Ibi kan ṣoṣo ni iṣu wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣìn.

Kò béèrè ibi tí ó ti wá. Kúmápàyí pẹ̀lú kò purọ́.

"Ìyàwó tí a là níkùn," ni ó wí, bí ẹni tí ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, "kò lómi lọ́yàn. Ẹ̀yin náà sì wà níbí."

"Orí iṣu náà ńkọ́, èyí tí a ó gbìn?"

"Mo gé e nípọn. Mo fi eérú pa ojú ibi tí mo ti gé e. Mo dá a padà sí àyè rẹ̀ nínú àká."

Dúródọlá wò ó. "Ààlè ti kú, o mọ̀ pé ó ti kú. Kò sí ẹni tí ó rí ọ. O lè gbé odindi, kí o gbé mìíràn lé e. Kí ló mú ọ dá orí rẹ̀ padà?"

Kúmápàyí tí ó máa ń ro abẹ́rẹ́ kí ó tó rà á tún ń fi ìka họ ilẹ̀. "Mo rò ó títí dé ilé, ìyá," ni ó wí. "N kò rí i."

Ìyá Apààlè nawọ́. Ó bu iṣu náà, ó fi kan epo, ó jẹ. Iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán, nítorí ebi ń pa á, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ nù sí etí ìró.

"Bí o bá tún lọ," ni ó wí, "gé orí rẹ̀ nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ."